Ọjọ́ Kọ́kọ́rọ́ Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé ihò kọ́kọ́rọ́ ilé wa ṣe déédéé ojú mi, inú ihò yẹn ni mo ti máa ń wo Abidjan. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà ń wo ayé láti ojú ohun pẹlẹbẹ kan tí ẹ mú lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tó tì yín mọ́lé. Èmi, wọ́n tì mí mọ́lé ni. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, bí bàbá mi bá ti kírun àárọ̀ tán, á ti ilẹ̀kùn láti inú, á so kọ́kọ́rọ́ mọ́ okùn, á gbé okùn náà kọ́rùn, á wá ní kí gbogbo wa máa yọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Ọdún là ń ṣe.

Kì í ṣe ọdún Iléyá, kì í sì í ṣe ìtúnu ààwẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ òmìnira tí ìjọba máa ń ta àsíá káàkiri Plateau, níbi tí ilé iṣẹ́ wọn wà. Ọdún bàbá mi nìkan ni. Òun ló dá a sílẹ̀, òun ni lèmọ́mù rẹ̀, àwa tí kò rí ọ̀nà jáde sì ni ìjọ. Ó pè é ní Ọjọ́ Kọ́kọ́rọ́.

Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ìtàn rẹ̀ fún wa nìyí. Nígbà tí bàbá mi ti Ṣakí dé Abidjan, kò mọ ẹnì kankan. Abẹ́ òrùlé ọjà ló ń sùn, ó ń fi ẹrù àwo tánganran tó fẹ́ tà ṣe ìrọ̀rí. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, onílé kan rí ìwà rẹ̀, ó fún un ní yàrá, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, ó sì kọ ìwé tì í. Inú bàbá mi dùn débi pé ó ti ilẹ̀kùn láti inú, kò sì jáde ní gbogbo ọjọ́ náà. Búrẹ́dì àti sàdíìnì ló jẹ. Ìdí nìyẹn tí àwa náà kì í fi í jáde lọ́jọ́ náà, tí ìyá mi kì í dáná, tí a fi ń jẹ búrẹ́dì àti sàdíìnì láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti nírọ̀lẹ́.

Nígbà tí bàbá mi kó kúrò ní yàrá náà, ó tú irin tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀ kúrò lára ilẹ̀kùn, ó ra tuntun fún onílé, ó sì gbé ti àtijọ́ lọ. Ibi tó bá kó lọ, ibẹ̀ ló ń kàn án mọ́. Ilé mẹ́ta la gbé kí a tó fìdí kalẹ̀ ní Marcory, kọ́kọ́rọ́ kan náà la fi ń ṣí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo lọ sí yunifásítì nígbà tó yá. Níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé irú nǹkan báyìí ní orúkọ gígùn kan lédè Faransé, àti pé àwọn ọ̀mọ̀wé ti kọ ìwé ńláńlá nípa rẹ̀. Mo ka díẹ̀ nínú wọn. Ó dá mi lójú pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n tì mọ́lé rí ní oṣù kẹfà, nígbà tí òjò Abidjan ń lu páànù bí ẹni tó ń wá ọ̀nà wọlé, tí wọ́n pa gbogbo fèrèsé dé, tí ooru mú, tí kọ́là gínì tí wọ́n rẹ sí sítáàṣì ń gún èèyàn lọ́rùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún fi òórùn sàdíìnì kún un. Póò kan wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé fún ẹni tí ìtọ̀ bá gbọ̀n, gbogbo wa sì ń gbọ́ bó ṣe ń lọ lẹ́yìn aṣọ náà. Àwọn ọmọ àdúgbò ń wẹ̀ nínú àgbàrá lójúde, wọ́n ń pariwo orúkọ mi. Èmi jókòó lórí ẹní, mo na ẹsẹ̀ méjèèjì bí òkú àlejò, mò ń yọ̀.

Àwa nìkan kọ́ ló ń jìyà ọdún náà. Bàbá mi máa ń pe àlejò méjì. Àkọ́kọ́ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ará Ìgbòho, tó ń ta agboòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jà. Òjò ni ẹni yìí fi ń jẹun, lọ́dọọdún ni òjò sì máa ń rọ̀ jù lọ́jọ́ tí wọ́n bá tì í mọ́lé tiwa. Ìtìjú kò jẹ́ kó kọ̀. Oorun ló fi ń gbẹ̀san: bó bá ti jókòó, ó ti sùn.

Èkejì ni aládùúgbò wa kan, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Abidjan níbí, tó ń ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Plateau. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Músíyè, bí Faransé ṣe ń pe ọ̀gá. Ó ń fi ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì jẹ máńgòrò. Ó ń wọ táì lọ́jọ́ Àìkú, kì í sì í lọ sí ibì kankan. Bó bá ń sọ Yorùbá, ṣe ni Yorùbá náà máa ń rìn bí ẹni tí bàtà há mọ́ lẹ́sẹ̀. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà. Mo ń fara wé e ní ilé ẹ̀kọ́, àwọn ẹgbẹ́ mi á rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi dì mọ́ ògiri.

Iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún ni láti ka ìwé. Lókè ẹnu ọ̀nà wa, nínú férémù onígíláàsì, ni ìwé tí onílé náà kọ wà. Bàbá mi kò mọ̀wé, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Gíláàsì náà ti dúdú, mi ò rí ju ìlà mélòó kan tó wọ́ bí eèrà. Bí ó bá di ọ̀sán ọjọ́ ọdún, bàbá mi á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á yọ ìwé náà, á gbé e fún Músíyè. Ìyẹn á wọ ìgò ojú, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á wá máa túmọ̀:

“Èmi onílé jẹ́rìí níwájú Ọlọ́run àti èèyàn pé ọkùnrin yìí, ọmọlúàbí láti Ṣakí, ni mo fi yàrá yìí lé lọ́wọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi í pé níbo ló ti wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba ìkíni mi tó ga jù lọ.”

Bàbá mi á mi orí, omi á lé sí i lójú. Mo ṣàkíyèsí pé ìwé náà ń gùn sí i lọ́dọọdún. Lọ́dún tí wọ́n gbé Músíyè ga lẹ́nu iṣẹ́, onílé náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bíi mínísítà.

Ọdún tí mo fẹ́ sọ gan-an, mo wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìdánwò kan wà tí a ń pè ní sísíyẹ̀mù. Ẹni tó bá yege níbẹ̀ á wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹni tí kò bá yege á padà sílé. Mo ti ṣe é lọ́dún tó ṣáájú, ibà sì gbé mi dè mọ́lẹ̀ lójú ìdánwò. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ilé ẹ̀kọ́ wa gbà fún èèyàn. Bí mi ò bá yege lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀yìn àwo tánganran ni n ó jókòó sí títí ọkọ á fi dé. Mi ò sọ pé àwo tánganran burú. Òun ló bọ́ wa. Ṣùgbọ́n mo ti wo ayé láti inú ihò kọ́kọ́rọ́ tó, mo fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà jáde.

Mẹ́tírẹ̀ẹ̀sì, bí a ṣe ń pe olùkọ́ wa obìnrin, kọ ọjọ́ ìdánwò sójú pátákó. Mo wò ó, mo tún un wò. Ọjọ́ Kọ́kọ́rọ́ ni.

Ìyá mi ló bá mi sọ ọ́ fún bàbá mi. Bàbá mi rò ó díẹ̀.

“Ta ló dá ọjọ́ náà?”

“Ìjọba ni.”

“Ṣé wọ́n bi mí?”

Ó wá kọjú sí mi, ó sì fi sùúrù bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń rán ọmọ níṣẹ́ sí aládùúgbò. “Bí o bá dé ilé ẹ̀kọ́ lọ́la, sọ fún olùkọ́ yín pé bàbá rẹ kí i. Sọ pé ọjọ́ yẹn kò rọ̀ mí lọ́rùn. Kí wọ́n jẹ́ kó di ọjọ́ kejì rẹ̀.”

Mo jíṣẹ́ náà. Irú ọmọ tí a jẹ́ nígbà náà nìyẹn, bí wọ́n bá rán wa níṣẹ́, à ń jẹ́ ẹ. Mẹ́tírẹ̀ẹ̀sì rẹ́rìn-ín débi pé ẹfun ìkọ̀wé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Ṣé bàbá rẹ ni ààrẹ orílẹ̀-èdè yìí ni?” Mo ní rárá, àwo ló ń tà. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo jókòó, mo sì kórìíra gbogbo wọn, mo kórìíra bàbá mi pẹ̀lú.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ìyá mi fi bẹ̀ ẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó sunkún, ó sọ pé kí wọ́n kàn ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ yìí kó kọjá, kí wọ́n sì tì í padà. Bàbá mi kò bínú rárá, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. “Bí mo bá ṣí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,” ó ní, “ó tán nìyẹn. Kò ní jẹ́ ọdún mọ́. Á di ọjọ́ tí àwọn èèyàn kàn jókòó sílé.” Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọdún, ìyá mi rán mi lọ sílé ọ̀rẹ́ mi kan pé kí n sùn síbẹ̀. Àwọn ará ilé náà kò tíì gbé oúnjẹ alẹ́ wá tí bàbá mi fi dé, tó kí wọn tẹ̀rín tẹ̀rín, tó sì mú mi lọ́wọ́ lọ sílé. Ó ti ka orí wa bí ẹni ka àwo, ó sì rí i pé ẹyọ kan dín.

Bó ṣe di ọjọ́ náà nìyẹn. Wọ́n kírun tán, àwọn àlejò méjèèjì wọlé, kọ́kọ́rọ́ yí nínú irin, mo gbọ́ kaga. Irin ló wà lójú fèrèsé nítorí olè. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́jọ ni ìdánwò, wọ́n sì ní kí a dé ní kùtùkùtù nítorí wọ́n á ti géètì. Ará Ìgbòho ti sùn. Àbúrò mi ọkùnrin, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ, ń fi kọ́là rẹ̀ nu imú. Mo ti fi pẹ́ńsù àti rúlà mi pamọ́ sábẹ́ aṣọ, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi wọ́n ṣe.

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ó yẹ kí n sọ fún yín pé láti Ṣakí ló máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kì í sì í fo ìlú kankan. Ó máa ń sọ irú ọkọ̀ tó wọ̀, ẹni tó jókòó tì í, ohun tí wọ́n jọ jẹ. Láti inú ìtàn yẹn ni mo ti mọ aago. Nígbà tí mo yọjú wo aago ọwọ́ Músíyè, aago méje ti lù, bàbá mi ṣì wà ní Pàràkú. Táyà ọkọ̀ ti bẹ́ níbẹ̀, bí ó ṣe máa ń bẹ́ lọ́dọọdún, wọ́n sì ń wá ẹni tó máa lẹ̀ ẹ́. Mo ṣírò rẹ̀ lórí mi, nítorí mo mọ ìṣírò. Bí a bá máa gba Lomé, kí a gba Àkrà, kí a sùn ní Kùmásì, a kò ní dé Abidjan kí ọ̀sán tó pọ́n. Ìdánwò mi á ti parí nígbà tí bàbá mi ń kọjá ibodè.

Ìgbà tí wọ́n lẹ táyà tán, ọkọ̀ gbéra, aago méje ti kọjá dáadáa. Ìgbà náà ni ìyá mi ṣe ohun tí ẹnì kankan kò ṣe rí. Ó dá ìtàn náà dúró.

“Bàbá ilé,” ó ní, “ẹ dákun. Lónìí, ṣé a ò lè kọ́kọ́ ka ìwé?”

“Ka ìwé? Mi ò tíì dé Lomé!”

“Lomé kò lọ síbì kan. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ni àlejò ń bá wa ka ìwé yìí bí ẹni pé a ò ní ọmọ. Ọdún mélòó lẹ ti rán ọmọbìnrin yìí ní ilé ẹ̀kọ́? Ẹ jẹ́ kó kà á, kí àwọn èèyàn mọ̀ pé ẹ kò fi owó yín ṣòfò.”

Mi ò mọ̀ bóyá ìyá mi ní ète kan lọ́kàn. Nígbà tí mo bi í lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó ní òun kàn fẹ́ kí nǹkan kan yí padà nínú yàrá náà, ohunkóhun. Bàbá mi wò mí. Ó fẹ́ràn kí ayé rí ohun tó ní. Ó dìde, ó sọ férémù kalẹ̀, ó yọ ìwé náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi.

Mo rí Músíyè tó ta gìrì. “Bàbá,” ó ní, “ìkọ̀wé àtijọ́ ni. Kò ní yé ọmọdé. Ẹ jẹ́ kí n…”

“Jẹ́ kó kà á.”

Mo wò ó. Ìwé náà kéré, etí kan rẹ̀ ti ya, ó jọ ohun tí wọ́n fà ya lára ìwé mìíràn. Ìkọ̀wé náà kò le rárá. Ìlà mẹ́ta ni. Lédè Faransé, ohun tó sọ ni pé: Fún olùṣọ́ ilé. Jẹ́ kí Ànàgó yìí kó ẹrù rẹ̀ sínú ilé ìkẹ́rùsí tó wà lẹ́yìn. Kò gbọdọ̀ sùn síbẹ̀.

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ mọ̀ pé Ànàgó ni wọ́n ń pe gbogbo Yorùbá níbí, ìbáà jẹ́ ọba tàbí alágbàfọ̀. Orúkọ bàbá mi kò sí níbẹ̀. Ọmọlúàbí kò sí níbẹ̀. Yàrá gan-an kò sí níbẹ̀.

Mo gbé ojú sókè. Músíyè ń wo ilẹ̀, ó ń fa okùn bàtà rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú yẹn ni mo mọ ohun tí ọkùnrin onífọ́ọ̀kì yìí ti ń ṣe láti ọdún púpọ̀ wá, pé òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ ìwé náà lẹ́nu, tó ń fi nǹkan kún un lọ́dọọdún bí ẹni tó ń tún ilé ẹlòmíràn kùn láì gba nǹkan kan.

Mo mọ ohun mìíràn pẹ̀lú. Mo mọ̀ pé ohun tó máa ṣí ilẹ̀kùn yẹn wà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá ka ohun tí mo rí, ọdún náà parí. Kò sí yàrá, kò sí ẹ̀rí, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa jókòó nínú ooru yìí mọ́. N ó gba iwájú gbogbo wọn kọjá, n ó lọ ṣe ìdánwò mi. Mo fẹ́ ṣe é. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín, mo ti la ẹnu láti ṣe é. Ṣùgbọ́n mo wo ojú bàbá mi. Ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀. Ó ti ń bá mi ka ọ̀rọ̀ tó mọ̀ sórí, ó ti ṣáájú mi dé ọmọlúàbí.

Mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, bí mo ṣe máa ń ṣe é nígbà tí mo bá ń fi Músíyè ṣe yẹ̀yẹ́.

“Èmi onílé jẹ́rìí níwájú Ọlọ́run àti èèyàn,” ni mo wí, mo sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ìkíni tó ga jù lọ, kò ku ẹyọ kan. Bàbá mi na ọwọ́ láti gba ìwé rẹ̀. N kò fún un.

“Ó ku ìlà kan,” mo ní. “Ó sọ pé: Bí ọmọ kankan nínú ilé ọkùnrin yìí bá ní ìdánwò lọ́jọ́ ọdún rẹ̀, kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún un kí aago mẹ́jọ tó lù.”

Ará Ìgbòho ti jí. Ó nu itọ́ ẹnu rẹ̀.

“Ẹ ẹ̀n? Láti ọdún wo ni ìyẹn ti wà nínú ìwé? Ará Ṣakí, ìwé rẹ bímọ! Ní Ìgbòho tiwa, bí a bá kọ ìwé, bó ṣe wà ló ń wà.”

“Padà sùn,” ni bàbá mi wí. Ó kọjú sí Músíyè. “Ìwọ lo ti ń kà á. Ṣé ó wà níbẹ̀?”

Músíyè gba ìwé náà. Ó wọ ìgò ojú. Ó wò ó pẹ́, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó tún gbé e sókè wò bí ẹni tó ń yẹ owó bébà wò.

“Ó wà níbẹ̀, Bàbá,” ó ní. “Kékeré ni wọ́n kọ ọ́. Mo máa ń fò ó ni, nítorí kò sí ẹni tó ní ìdánwò nílé yìí nígbà náà.”

Bàbá mi wo Músíyè pẹ́. Ó wò mí pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bọ́ okùn ọrùn rẹ̀.

Ẹ ò lè mọ bí ìró kọ́kọ́rọ́ yẹn ṣe rí létí mi. Òjò ti mú kí igi ilẹ̀kùn wú, ó fi èjìká tì í, ó ṣí. Afẹ́fẹ́ wọlé. Ará Ìgbòho, tí àtijẹ rẹ̀ jẹ́ agboòrùn, kò mú ẹyọ kan wá sílé wa, nítorí náà inú òjò náà la kó sí, èmi àti bàbá mi. Mi ò ní kó tẹ̀ lé mi. Òun ló mú bàtà mi lọ́wọ́, ó ní kí n máà jẹ́ kí omi bà á jẹ́. Àgbàrá dé orúnkún wa ní àwọn ibì kan. Takisí aláwọ̀ ọsàn méjì kọjá, wọn kò dúró, wọ́n fi omi kí wa. Sítáàṣì ti kúrò lára gínì bàbá mi, aṣọ náà lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó wá kéré lójú mi.

Wọ́n ti ń ti géètì ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí a dé. Bàbá mi fi ẹsẹ̀ kan há a. Ó fún mi ní bàtà mi.

“Orúkọ mi ò sí nínú ìwé yẹn,” ó ní. “Wọlé lọ kọ tìẹ.”

Mi ò ráyè ronú lé e. Mo sáré wọlé.

Ẹ fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ní kí a kọ? Wọ́n ní kí a ṣàpèjúwe ọjọ́ ọdún kan nílé bàbá wa. Mo wo ìbéèrè náà, omi ń kán láti irun mi sórí ìwé. Mo wá kọ nípa Kérésìmesì. Mo fi yìnyín sí i, mo fi igi tí wọ́n tan iná sí i, mo fi bàbá kan tó ń mu páìpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ìléru sí i, èmi ọmọ mùsùlùmí ní Marcory. Ohun tó wà nínú ìwé kíkà wa nìyẹn, mo sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́. Irọ́ méjì ni mo pa láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀kan fún bàbá mi, ọ̀kan fún ìjọba. Méjèèjì ni wọ́n gbà.

Nígbà tí mo jáde lọ́sàn-án, bàbá mi ṣì wà níbi tí mo fi í sí, abẹ́ etí òrùlé níwájú géètì. Òjò ti dá. A ń rìn lọ sílé. Èmi ni mo bi í.

“Ẹ mọ ohun tó wà nínú ìwé yẹn?”

“Ṣé èmi kọ́ ni wọ́n sọ ọ́ fún ni? Onílé sọ ọ́ lẹ́nu kó tó kọ ọ́. Ó ní ẹrù mi nìkan. Ó ní bí olùṣọ́ bá rí mi níbẹ̀ láàárọ̀, kó lù mí jáde.” Ó fo àgbàrá kan. “Mo sùn síbẹ̀. Mo fi kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fún mi nítorí ẹrù ti ilẹ̀kùn mọ́ra mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, olùṣọ́ wà lójúde, mi ò lè jáde. Gbogbo ọjọ́ yẹn ni mo fi jókòó síbẹ̀ láì wúkọ́. Búrẹ́dì tó wà lápò mi ni mo jẹ.”

“Kí wá lẹ̀ ń yọ̀ sí?”

Ó dúró. Ó wò mí bí ẹni tí kò retí pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lè ti ẹnu ẹni tó mọ̀wé jáde. “Ọjọ́ náà ni wọn ò rí mi lé jáde,” ó ní.

Ó fọwọ́ kan àyà rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ yí. Ìgbà náà la tó mọ̀ pé nígbà tí a ń jáde, ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe ohun tó ti mọ́ ọn lára: ó ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn wa, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó sì gbé e lọ.

A sáré. A ti ń gbọ́ Músíyè láti òpin àdúgbò. Ó ti bọ́ táì, ó di irin fèrèsé mú lọ́wọ́ méjèèjì, Yorùbá tó ń sọ kò há mọ́ lẹ́sẹ̀ mọ́. “Bàbá o! Bàbá, ẹ ṣílẹ̀kùn, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, póò ti kún!” Ará Ìgbòho ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ ké pé òjò ti dá, ọjà òun ti bàjẹ́, Ṣakí ti pa òun. Ìyá mi nìkan ló jókòó jẹ́ẹ́ lórí ẹní pẹ̀lú àbúrò mi. Ó sọ títí ó fi kú pé ọdún yẹn ló dára jù nínú gbogbo Ọjọ́ Kọ́kọ́rọ́, nítorí ẹnì kankan kò dé Lomé.

Bàbá mi kò dá ọdún náà dúró. Ó ń ti ilẹ̀kùn títí tí mo fi lọ sí yunifásítì. Músíyè ló padà ń ka ìwé, kò sì fo ìlà ìdánwò mọ́ láé. Ó tún fi ìwé ẹ̀rí àti oyè kún un bí mo ṣe ń gùn ún lọ. Mi ò fara wé ikọ́ rẹ̀ mọ́.

Ayé ti yí o, ẹ̀yin ọmọ. Ilé tí mò ń gbé báyìí ní Biétry, nọ́ńbà la ń tẹ̀ lára ògiri kí géètì tó ṣí, kò sí kọ́kọ́rọ́ tí èèyàn lè gbé kọ́rùn. Ẹ̀yin náà ti sọ ohun gbogbo di ọdún. Mo ti jẹ kéèkì ọjọ́ tí ajá pé ọdún kan. Mo ti wọ fìlà bébà nítorí ẹnì kan jáwọ́ nínú iṣẹ́ tí kò fẹ́ràn. Ẹ ń ya fọ́tò rẹ̀, ó tán ní wákàtí kan, kò sí ẹni tó pa ikọ́ mọ́ra nínú òkùnkùn nítorí rẹ̀. Bóyá bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Mo máa ń fi yín ṣẹ̀sín, lẹ́yìn náà mo máa ń dákẹ́, nítorí èmi náà ní ọdún tèmi. Ní oṣù kẹfà, lọ́jọ́ ìdánwò yẹn, mo máa ń pe àwọn ọmọ-ọmọ mi jọ. Mo ra búrẹ́dì, mo ra sàdíìnì. Mo ṣí gbogbo ilẹ̀kùn gbayawu, àní kí ẹ̀fọn ọ̀sà náà wá jọ̀dún, mo sì ń sọ fún wọn pé lọ́dọ̀ tèmi kò sí ẹni tí a tì mọ́lé.

Lọ́dún tó kọjá, mo ń sọ ìtàn yìí lọ́wọ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Pàràkú, ni mo wo ojú wọn. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn wọn, oòrùn wà lójúde, wọ́n jókòó lórí àga tìmùtìmù mi pẹ̀lú ẹsẹ̀ nínà, kò sì sí ọ̀kan tó jẹ́ dìde. Mo mọ ojú yẹn. Mo ti fi wo ihò kọ́kọ́rọ́ rí.

Èyí tó kéré jù nínú wọn, ọmọbìnrin kan tó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ, ló dìde. Ó lọ sí ibi tí mo gbé férémù bàbá mi kọ́ sára ògiri. Ó na ọrùn. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

“Màmí,” ó ní, “wọ́n kọ ọ́ síbí pé ẹni tó bá ní bọ́ọ̀lù láti gbá ní aago mẹ́rin, kó máa lọ.”

Mo wá ìgò ojú mi. Mo lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo wo ìlà mẹ́ta náà dáadáa, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“Ó wà níbẹ̀,” ni mo wí. “Kékeré ni wọ́n kọ ọ́.”